Òṣíbàtà inú báàfù: ewé kéékèèké, omi tó ń rùn, òdòdó kò yọ

Àkùrọ̀ Ìbarà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ọlọ́gbìn. Òṣíbàtà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, èyí tí òdòdó rẹ̀ funfun nínú àbàtà, kì í ṣe ojúoró.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Báàfù ike dúdú ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 35. Ilẹ̀dú inú àpò tí àwọn olódòdó ń tà ni mo dà sísàlẹ̀, mo po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn, ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo ri iṣu rẹ̀ mọ́ àárín, mo bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì rọ omi kún un dé ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà kí oòrùn má baà se omi náà.

Ewé ń yọ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pọ́n. Omi ti dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ilẹ̀dú sì ń dìde láti ìsàlẹ̀ wá léfòó. Tanwíjí ti kún ibẹ̀. Òdòdó kankan kò tíì yọ.

Kí ló ń fa òórùn yìí? Kí ló dé tí kò tanná? Báwo ni mo ṣe lè lé ẹ̀fọn láì pa ewé? Àti pé ṣé èso rẹ̀ ṣe é gbìn, àbí àfi kí n tún lọ wú iṣu mìíràn nínú odò?

Ìyá Ọlọ́gbìn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wulẹ̀ da omi tuntun lé e, ẹ má sì da oògùn kankan sí i. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ ni.

Ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ yẹn ló ń rùn. Ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ dára fún ilẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀. Tí omi bá ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, atẹ́gùn tán níbẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tí wọn kò nílò atẹ́gùn á gbà á lọ́wọ́, wọ́n á sì máa tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ jáde. Gáàsì yẹn náà ló ń ti ilẹ̀dú sókè. Òun ló sì ń ba gbòǹgbò jẹ́, nítorí náà bí oúnjẹ tiẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ewé kò lè rí i fà, ni wọ́n fi kéré tí wọ́n sì ń pọ́n.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lékè kò rí bákan náà. Gbòǹgbò ojúoró ń fì nínú omi ni, inú omi náà ló ti ń jẹun. Òṣíbàtà so mọ́ ilẹ̀: iṣu rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ọ̀pá ewé gígùn ló gbé ewé wá sójú omi. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ibi ìdáná rẹ̀, tí ẹrẹ̀ yẹn kò bá dára, kò sí ohun tí a lè ṣe lójú omi tó máa ràn án lọ́wọ́.

Amọ̀ ni ó fẹ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ojú ilẹ̀dú títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ eérú tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ẹ bu díẹ̀, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí okùn. Tó bá gùn tó ìka ọwọ́ láì já, ó dára. Tó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ gún un, ẹ ṣa gbòǹgbò àti ewé kúrò, kí ẹ sì po iyanrìn odò mọ́ ọn: amọ̀ ọ̀nà mẹ́ta, iyanrìn ọ̀nà kan. Kò sí ilẹ̀dú, kò sí lẹ́búlẹ́bú pákó, kò sí èèpo àgbọn, kò sí ìgbẹ́ ẹran kankan. Ẹ fi omi pò ó di ẹrẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kí ó sì rọlẹ̀.

Ẹ má da ẹrẹ̀ yìí sínú báàfù ńlá ní tààrà. Ẹ wá abọ́ ike tí kò ní ihò, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 tó sì jìn ní 20. Ẹ bu ẹrẹ̀ sí i títí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kó dé ẹnu. Bíi lítà 18 sí 20 ni yóò gbà. Abọ́ fífẹ̀ ló dára ju abọ́ jíjìn lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni gbòǹgbò ń nà sí. Báàfù tí ẹ ní yẹn yóò gba abọ́ yìí, sẹ̀ǹtímítà 15 á sì ṣẹ́kù lókè fún omi. Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, báàfù tàbí kòtò omi tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan ló máa fún un láyè láti tẹ́ ewé, nítorí ewé òṣíbàtà tó yó lè fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ.

Bí a ṣe ń gbìn ín: ẹ fọ iṣu náà mọ́. Èyí tó le, tó wúwo lọ́wọ́, ó yè. Ibi tó bá rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e kúrò títí ẹ ó fi dé ibi funfun. Ẹ gbé e dúró láàárín abọ́, kí orí rẹ̀ níbi tí ewé ti ń yọ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ojú ẹrẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ni kò yẹ. Orí tí ẹrẹ̀ bá bò máa ń jẹrà, tàbí kí ó fi agbára tó yẹ kó fi yọ ewé wá ọ̀nà àbájáde. Ẹ wá da iyanrìn ṣákaṣàka tí ẹ ti fọ̀ yí i ká, kí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹrẹ̀ má baà rú sínú omi. Ẹ yà á fún orí iṣu.

Omi kò gbọdọ̀ kún dé ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lórí iṣu tó. Oúnjẹ tó wà nínú iṣu ni ewé àkọ́kọ́ ń jẹ títí yóò fi kan ojú omi; tí ọ̀nà bá jìn, oúnjẹ náà lè tán lójú ọ̀nà. Tí ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti tẹ́ sójú omi, ẹ máa fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún un díẹ̀díẹ̀. Ibi tó wù ú jù nínú ọgbà ni omi tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 45 lórí iṣu. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kilorínì sí, ẹ jẹ́ kó sùn nínú garawa mọ́jú kí ẹ tó dà á sí i.

Fatiláísà wá kẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbìn ín. Ẹ dúró kí ewé bíi mẹ́rin ti tẹ́ sójú omi. Ẹ mú NPK 15:15:15, ṣíbí tíì méjì pẹrẹsẹ fún abọ́ tí mo ṣàpèjúwe yìí. Ẹ pín in sí méjì, ẹ fi bébà ìwé ìròyìn di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tì í wọnú ẹrẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, létí abọ́ ní ìhà méjèèjì, kí ó má kan iṣu. Ẹ fi ẹrẹ̀ dí ojú ihò náà pa. Ẹ tún un ṣe ní oṣooṣù nígbà tó bá ń dàgbà. Ẹni tó bá fọ́n fatiláísà sójú omi, omi ló bọ́, kì í ṣe òṣíbàtà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan omi náà á di àwọ̀ ewé, ẹ ò sì ní rí ìsàlẹ̀ mọ́.

Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ máńgòrò. Oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló kéré jù. Láìsí i, ewé nìkan ni ẹ ó máa rí. Omi gbígbóná kọ́ ni ìṣòro òṣíbàtà, ooru ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí. Ewé máńgòrò tó ń já bọ́ sínú omi gan-an wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di dúdú. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé báàfù dúdú á gbóná jù nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ sínú ilẹ̀. Kí ewé bo bí ìdajì ojú omi sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn nìkan á dín ooru kù, omi kò sì ní tètè di àwọ̀ ewé.

Odò Ọnà:

Ìyá Ọlọ́gbìn ti parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ti òdòdó ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ kọ́kọ́ wo etí ewé. Tí etí rẹ̀ bá ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó yíká, tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ sóde gbọ́ngbọ́n, Nymphaea lotus ni, òṣíbàtà funfun gan-an. Alẹ́ ni ó ń tanná. Ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí, á wà ní ṣíṣí ní gbogbo òru, á sì padé nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ bá mú. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wò ó lọ́sàn-án, wọ́n á rí ohun tó dà bí òdòdó tí kò tíì là, wọ́n á ní kò tanná. Aago méje alẹ́ tàbí aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó. Òdòdó kan máa ń ṣí bẹ́ẹ̀ fún òru mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà á rì sábẹ́ omi lọ so èso.

Òdòdó yìí ní ètò kan tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ èso mọ̀. Ní òru àkọ́kọ́, ó ṣetán láti gba àtíkè, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú akọ, láti inú òdòdó mìíràn: omi díẹ̀ máa ń wà ní àárín rẹ̀ gan-an, kòkòrò tó bá gbé àtíkè wá á já sínú omi náà, á sì fọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti òru kejì lọ, omi náà á gbẹ, àtíkè tirẹ̀ á wá jáde. Tí òdòdó méjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn àtíkè ti òru kejì sí àárín èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àmọ́ kì í sábà pọn dandan, òṣíbàtà funfun máa ń so fúnra rẹ̀.

Tí etí ewé bá wá dán, tí òdòdó bá ń ṣí lọ́sàn-án, tó sì yọrí sókè kúrò lójú omi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, kì í ṣe òun. Nínú wọn ni Nymphaea micrantha wà, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa. Èyí máa ń bímọ lórí ewé: níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ ewé, ẹ ó rí ọmọ òṣíbàtà kékeré kan tó ń yọ, pẹ̀lú ewé àti gbòǹgbò tirẹ̀. Èyí kò nílò èso rárá. Ẹ gé ewé náà pẹ̀lú ọ̀pá díẹ̀, ẹ gbé e lé ẹrẹ̀ tí omi tó bò ó kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ẹ fi òkúta kékeré tẹ etí ewé mọ́lẹ̀. Ewé ìyá á jẹrà lọ, ọmọ á dúró.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta èyí tí ewé rẹ̀ dúró sókè gogoro bí agbòòrùn, tí kò ní ẹnu tó là dé àárín. Ìyẹn ti Éṣíà ni, Nelumbo, ìdílé wọn pàápàá kò bára tan. Kò burú láti gbìn ín nínú àgbá, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sínú odò wa.

Àwọn ìdí mìíràn tí òṣíbàtà kì í fi í tanná, bí mo ṣe máa ń tò wọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè: oòrùn kò tó, ìyẹn ló pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ebi, lẹ́yìn rẹ̀ ni abọ́ tó ti há, tí ewé ń gun ara wọn tí wọ́n sì ń dìde kúrò lójú omi, lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tí kì í sinmi. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè sínú rẹ̀, tí omi ń ta sórí ewé láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbádùn. Omi tó dákẹ́ ló fẹ́, tàbí odò tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:

Lórí ẹ̀fọn, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ da kẹrosíìnì tàbí epo sí i. Tanwíjí á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ewé òṣíbàtà ni àwọn ihò tó fi ń mí wà, kì í ṣe abẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ewé mìíràn. Epo tó bá ta sójú ewé á dí wọn pa.

Ẹja ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀fọn lè ti inú ẹyin di èyí tó ń fò láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lójú ooru wa, nítorí náà fífọ omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà sínú báàfù yẹn, àwọn ẹja odò kéékèèké tí kì í gùn ju ìka lọ, tí wọ́n máa ń lúwẹ̀ẹ́ ní ojú omi gan-an. Àwọn ló ń ṣa tanwíjí jẹ. Ẹ jẹ́ kí omi fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ku ẹnu báàfù, nítorí wọ́n máa ń fò jáde. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, tí ẹ bá ń fún wọn lóúnjẹ wọn ò ní wá tanwíjí.

Ẹ má fi àrọ̀ síbẹ̀. Àrọ̀ máa ń wa ìsàlẹ̀, á tú iṣu yín síta. Ẹ̀pìà á jẹ ewé ọ̀dọ́. Bí kò bá sí ẹja, oògùn Bti tó ń léfòó, èyí tí wọ́n fi kòkòrò tí ojú kò lè rí ṣe, wà ní ọjà àwọn tó ń ta nǹkan ọgbà: tanwíjí àti ìdin àwọn kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn ló ń pa, kò kan ewé, kò kan ẹja. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ mọ iye tó tó fún lítà omi tí ẹ ní.

Légbénlègbé ọ̀pọ̀lọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò ṣe nǹkan kan fún un.

Kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú tó máa ń tò sẹ́yìn ọ̀pá òdòdó àti sójú ewé tó ń fa omi ara rẹ̀, ẹ má fín wọn ní Sniper tàbí irú rẹ̀, gbogbo ẹja á kú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ewé náà sábẹ́ omi kí ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹja á ṣe ìyókù. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti gé ewé ní róbótó, tí ẹ sì rí ègé ewé méjì tí wọ́n so pọ̀ bí àpò tó ń léfòó, ìdin afòpiná kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ẹ mú àpò náà jù síta, ó tán.

Ohun tó kàn mí jù nínú ìbéèrè yín ni wíwú iṣu nínú odò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ inú adágún tàbí omi tí kò ṣàn lẹ́sẹ̀ lásán. Ibi tí òṣíbàtà ti ń dùn náà ni ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá ń gbé, ìdin rẹ̀ sì ń gba ara wọlé láì sí ọgbẹ́. Bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́ ni. Ewé tí ẹ bá mú wálé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀ dáadáa: ẹyin ìgbín omi dà bí omi gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara tí àmì tíntìntín wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ má da omi odò náà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ewé náà sínú omi mímọ́ lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lè rí ohun tó bá ṣẹ́kù. Ẹ ṣà ọ́ wò pẹ̀lú kó má ní ojúoró tàbí hyacinth olódòdó àlùkò tó ti ń dí ọ̀nà omi wa láti 1984. Ègé kan péré nínú wọn tó.

Ìyá òṣíbàtà kò ṣe é wú. Ọmọ tó bá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gé, ẹyọ kan ní ojú kan, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Omi tó jẹ́ ti òrìṣà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kò sí ẹja pípa níbẹ̀, kò sí igi gígé, òṣíbàtà ibẹ̀ náà kò sí fún wíwú.

Àkùrọ̀ Ìbarà:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ìyá Ọlọ́gbìn, ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Etí ewé ní eyín, funfun ti alẹ́ ni nígbà náà. Mo ti tú u. Ìdajì iṣu ti rọ̀, ó ń rùn. Ìdajì kejì le. Àwọn iṣu kéékèèké mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n tó ìwọ̀n ekùrọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so wọ́n mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe sí wọn? Ẹnikẹ́ni kò sì tíì dáhùn lórí èso.

Ará Peckham:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé ó lè hù ní Lọ́ńdọ̀nù? Àwọn kan níbí ń fẹ́ ẹ nílé wọn nítorí Ọ̀ṣun, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn lè di iṣu rẹ̀ sínú báàgì bọ̀.

Odò Ọnà:

Ará Peckham, iṣu inú báàgì kò bófin mu: ohun gbíngbìn tó bá ń wọ Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ ìjọba ibi tó ti wá. Kò sì pọn dandan. Ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì ń tà á, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni tiger lotus. Ewé rẹ̀ lè pupa tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú àbààwọ́n. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni irú rẹ̀ ti wá.

Ita kò ṣe é gbé sí àfi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí omi fúnra rẹ̀ bá ti kọjá 21°C ní òru. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹn kì í ṣáájú oṣù kẹfà. Ibi tó dára jù ni ilé onígíláàsì tí ẹ̀rọ ń mú omi rẹ̀ gbóná sí 24 sí 26°C, tàbí lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, ewé á máa kéré sí i. Ẹ jẹ́ kó sùn: ẹ gé ewé, ẹ wú iṣu, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ri í sínú iyanrìn tó rin díẹ̀ nínú ìgò tí ẹ dé, kí ẹ gbé e síbi tó wà láàárín 13 sí 16°C. Kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì. Oṣù kẹta ni kí ẹ jí i nínú abọ́ kékeré nínú omi 25°C. Bí ó bá wà nínú gíláàsì ẹja, tí ẹ bá fẹ́ òdòdó, ẹ má gé àwọn ewé tó ń gòkè lọ sójú omi bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe máa ń ṣe. Láìsí ewé lójú omi, kò ní tanná.

Ìyá Ọlọ́gbìn:

Àkùrọ̀, ire ni àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ẹ gé okùn wọn. Ìyá náà, ẹ gé ibi tó rọ̀ sọnù títí ẹ ó fi rí funfun, ẹ fi èédú lílọ̀ pa ojú ibi tí ẹ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi òjìji fún wákàtí kan kí ẹ tó gbìn ín bí mo ṣe sọ. Bí kò bá yọ ewé láàárín oṣù kan, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má ba omi jẹ́.

Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wọ abọ́ ńlá. Ẹrẹ̀ púpọ̀ tí gbòǹgbò kò sí nínú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Rọ́bà áísíkirímù lítà kan tàbí méjì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ kan náà, láìsí fatiláísà, ìmú iṣu tó ní irun tàbí ewé tó fẹ́ yọ kí ó kọjú sókè, omi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún lórí rẹ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án. Ewé tó kọ́kọ́ yọ á wà lábẹ́ omi, á rí bí orí ọfà. Ẹ má rò pé ó ń ṣàìsàn. Tí ewé mẹ́ta bá ti léfòó, ẹ gbé e lọ sínú abọ́ lítà márùn-ún, lẹ́yìn náà èyí tó fẹ̀ ní 40.

Ó dé orí èso. Ó hù dáadáa, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rì, ẹ wá èso rẹ̀ lábẹ́ omi, kí ẹ fi aṣọ ṣáṣá tàbí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó tín-ín-rín dì í, nítorí nígbà tó bá pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á bẹ́ lójijì. Àwọn hóró rẹ̀ kéré ju ti ọkà bàbà lọ, awọ fúyẹ́ kan sì ń gbé wọn léfòó kí wọ́n tó rì. Láìsí aṣọ yẹn, ẹ ó pàdánù gbogbo wọn. Ẹ kó wọn sínú abọ́ omi títí awọ náà á fi jẹrà kúrò tí wọ́n á sì rì.

Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ, ẹ tẹ́ amọ̀ àti iyanrìn tí wọ́n dọ́gba sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ fọ́n hóró náà sójú rẹ̀. Ẹ má rì wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ẹ bu omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lé wọn títí yóò fi ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Tí ẹ bá da omi lé wọn gbà-á, gbogbo wọn á kó sí igun kan. Omi 25 sí 30°C ló ń jẹ́ kí wọ́n hù, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ewé àkọ́kọ́ á tín-ín-rín bí òwú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: àwọn òwú aláwọ̀ ewé tó máa ń hù nínú omi á lọ́ mọ́ wọn, á sì fún wọn pa. Ẹ máa fi igi ìtayín yí òwú náà kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ní ewé mẹ́rin tó rí bí orí ọfà, ẹ fi ṣíbí bu ú pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú ife ike.

Nígbà ọyẹ́ òṣíbàtà máa ń dín ewé kù, omi tó ń tutù lóru ló fà á. Ẹ dá fatiláísà dúró láti ìparí oṣù kọkànlá, ẹ kàn máa bu omi kún èyí tí oòrùn bá fà. Tí gbogbo ewé bá tilẹ̀ lọ, ẹ má tú u. Nínú àbàtà tó gbẹ, iṣu rẹ̀ a máa wà nínú ẹrẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ á fi rọ̀. Ẹ tẹ ẹrẹ̀ náà wò pẹ̀lú ìka: tí iṣu bá ṣì le, kí ẹrẹ̀ má gbẹ tán ló kù tí ẹ ó máa ṣọ́. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ni ìgbà tó dára láti pààrọ̀ amọ̀, kí ẹ gé àwọn ọmọ tuntun, kí ẹ sì tún orí iṣu gbé sójú ẹrẹ̀. Lọ́dọọdún ni kí ẹ máa ṣe é fún abọ́ tó fẹ̀ ní 40. Èyí tó bá wà nínú kòtò omi ńlá lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta.